Ọlámigòkè àti Etí Àwòrán Ìyá Ẹ̀

Rárá o, kò lọ sí yunifásítì kankan. Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ? Sẹ́kọ́ńdírì ni Ọlámigòkè kà mọ, bíi tèmi. Èmi tiẹ̀ gba sátífíkéètì tèmi, òun ò lọ gba tiẹ̀ títí tó fi kúrò ní Wàrí. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin Urhobo kan ní Agbassa ló ti kọ́ iṣẹ́ fídíò. Ọdún mẹ́ta ló fi ru kámẹ́rà tẹ̀lé ọ̀gá ẹ̀ káàkiri, kámẹ́rà àtijọ́ yẹn tó wúwo bí àpò gàrí, ìdí nìyẹn tí ọrùn ẹ̀ fi tẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀. Tó bá dúró lójú títì, wàá rò pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan tó kúrú jù ú lọ.

Èmi mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù wa lẹ̀ mọ́ra ní Jakpa Road fún ọdún mẹ́jọ. Àǹkárá lèmi ń tà, fídíò lòun ń ṣe, pákó kan péré ló là wá láàárín. Tó bá sín, èmi ni mo ń kí i pẹ̀lẹ́. Ìyá Ramlah ló ń pè mí. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ará etí omi. Èmi, Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ará òkè ò mọ ẹja, pé egungun la máa ń rà tá a bá ní a ra ẹja. Èmi náà á bú pupurú ẹ̀ fún un, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará Ìlàjẹ yẹn, torí òun ló ń jẹ lójoojúmọ́ ayé, pẹ̀lú ẹja tútù, lórí àga kékeré kan tó fi ẹ̀yìn ti kọ̀ǹpútà. Kì í pariwo. Tí àwọn tọkọtaya tuntun bá wá bá a jà pé fídíò àwọn pẹ́, á dákẹ́ títí wọ́n á fi jà tán, á wá ní, "Ẹ jókòó, ẹ wo ibi tí mo dé." Wọ́n á jókòó. Tí wọ́n bá ti rí ara wọn nínú tẹlifíṣàn báyìí, ìjà parí.

Ọdún 2003 ni ọ̀rọ̀ tí ò ń béèrè yìí bẹ̀rẹ̀. Ìjà ti ń jà ní Wàrí kó tó dìgbà yẹn, kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ti ọdún yẹn wọ inú omi. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀yà kankan o, èmi ò wá dájọ́. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tó ń gbé láwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ odò ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ iná tí wọ́n bá dá sí abúlé ò ní béèrè ẹ̀yà. Bí wọ́n ṣe sun ti àwọn òbí Ọlámigòkè nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan. Ìyá ẹ̀ ráyè wọ ọkọ̀ ojú omi kan, àwọn àti Fọláwẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n Ọlámigòkè lóbìnrin, àti àwọn ọmọbìnrin Fọláwẹ̀mí méjèèjì. Wọ́n yìnbọn bá ọkọ̀ náà. Obìnrin tó jókòó ti Màmá kú mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí ẹ̀ wà lórí itan wọn títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Bàbá, ìyẹn Bàbá Akínsànmí, ti lọ wo àwọ̀n láti ìdájí, kò sì sẹ́ni tó rí wọn mọ́.

Ọlámigòkè kó gbogbo wọn sí yàrá méjì tó ń gbé ní Ekurede-Urhobo. Màmá yẹn, orí omi ni wọ́n bí wọn sí, àmọ́ láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá kàn gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á wọlé lọ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ mọ́ láyé. Lójoojúmọ́ wọ́n á bá ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jókòó níwájú, wọ́n á máa tún àwọ̀n ṣe fáwọn apẹja tó kù nílùú. Ìye lòun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń pè wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nìyẹn lọ́dọ̀ tiwọn. Èmi ń pè wọ́n ní Màmá.

Nígbà tó yá, àwọn ará ìjọ wọn dá ọgbọ́n kan. Àwọn èèyàn wọn ti fọ́n ká. Àwọn kan wà ní Wàrí, àwọn kan wà láwọn ibùdó apẹja lẹ́nu òkun níbi tí kò sí títì tí kò sí fóònù. Wọ́n ní kí Ọlámigòkè ya gbogbo ìdílé tó wà ní Wàrí sínú fídíò, ìdílé kọ̀ọ̀kan ogójì ìṣẹ́jú àáyá, kó kó gbogbo ẹ̀ sórí sídì kan ṣoṣo. Ẹni tó máa gbé e lọ ni Bánkọ́lé, bàbá kan tó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ń ra ẹja lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yà. Àwọn tó gbé ìbọn dúró lójú omi mọ̀ ọ́n, wọ́n ń jẹ ẹja ẹ̀. Ọlámigòkè fúnra ẹ̀ ò lè lọ. Ọkùnrin tí irun orí ẹ̀ bá ṣì dúdú, wọ́n á ní ajagun ni, wọn ò ní bi í léèrè ẹ̀ẹ̀mejì.

Ó ṣe é, kò gba kọ́bọ̀. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni wọ́n ti ya gbogbo wọn, ògiri búlúù ló wà níbẹ̀. Wọ́n á to ara wọn, wọ́n á kọrin díẹ̀, wọ́n á juwọ́, ó parí. Àwọn ará ìjọ ní kó fi orin ẹgbẹ́ akọrin bo ohùn gbogbo wọn kó lè dùn-ún gbọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé ẹ. Nílé tiwọn, tí wọ́n bá ń ya fọ́tò tí àgbà ilé kan ò sí níbẹ̀, wọn kì í dí àyè ẹ̀. Àárín gan-an ni wọ́n á fi sílẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ á wà lápá kan, ẹnì kejì ẹ̀ á lọ jókòó sí ìpẹ̀kun apá kejì. Tí ìyàwó bá wá sún sáàárín, ó ti ka ọkọ ẹ̀ mọ́ òkú nìyẹn. Bí Màmá ṣe jókòó nìyẹn. Fọláwẹ̀mí àti àwọn ọmọ wà lápá ọ̀tún, àárín ṣófo, Màmá wà ní ìpẹ̀kun apá òsì. Wọn ò sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí orin bá ti dé, wọ́n á máa mì sọ́tùn-ún sósì, èjìká wọn àti ìdajì ojú wọn á jáde kúrò nínú àwòrán, á tún wọlé, á tún jáde.

Bánkọ́lé gbé sídì lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kò fi padà. Ọjọ́ tó dé, ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ wá, ó jókòó, ó mu omi ife méjì kó tó la ẹnu. Ó ní òun rí Bàbá Akínsànmí. Wọ́n wà láàyè, wọ́n wà ní ibùdó apẹja kan lẹ́nu òkun. Fọláwẹ̀mí dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, kò mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n Bánkọ́lé ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní Bàbá wo sídì náà nínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n rí Fọláwẹ̀mí, wọ́n rí àwọn ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n sunkún ayọ̀. Wọ́n wá béèrè pé ìyàwó àwọn dà. Àwọn tó jókòó tì wọ́n ní òun nìyẹn létí lápá òsì. Bàbá sún mọ́ tẹlifíṣàn, wọ́n wò ó. Ohun tí wọ́n rí ò jọ ojú èèyàn, igun mẹ́rin mẹ́rin ni, tó ń fò síbí sọ́hùn-ún. Wọ́n wá wo àyè tó ṣófo láàárín. Lójú tiwọn, àwọn kọ́ ló sọnù, ìyàwó tí àwọn ò rí ni, nítorí náà àyè yẹn ò lè jẹ́ tàwọn. Wọ́n ní, "Àyè ìyàwó mi nìyẹn. Ó ti lọ."

Bánkọ́lé búra fún wọn. Ó ní òun kí Màmá lọ́jọ́ tóun kúrò ní Wàrí, pé wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Ìwọ náà mọ̀ wá. Ta ló ń sọ ikú fún ẹni tó ni òkú ní gbangba? A ó ní ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá ni, a ó ní ó rìnrìn àjò. Bí Bánkọ́lé ṣe ń búra tó ni ó túbọ̀ ń dá Bàbá lójú pé Màmá ti kú. Wọ́n ní, "O ṣeun, Bánkọ́lé. Èmi náà ti túfọ̀ fún èèyàn rí." Wọ́n fá orí wọn. Wọ́n ní àwọn ò wá sí Wàrí mọ́, kí làwọn fẹ́ wá wò níbẹ̀. Àwọn apẹja kan ń múra àtilọ sí Kamẹrúùnù tó bá di oṣù méjì sígbà náà, Bàbá ti ní àwọn máa bá wọn lọ.

Mo béèrè pé fọ́tò ńkọ́, ṣé fọ́tò Màmá ò ní tó? Bánkọ́lé ní òun ti mú un lọ́wọ́, Bàbá ní fọ́tò òkú pọ̀ lápò gbogbo èèyàn.

Oṣù méjì nìyẹn. Bánkọ́lé á padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó lè bá wọn kí wọ́n tó lọ. Sídì tuntun gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, Bàbá sì gbọ́dọ̀ fojú ara wọn rí Màmá níbẹ̀, lórí ìjókòó kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tó ti dàgbà sí i.

Ìwọ á ní, kí Màmá sún sáàárín, kó tán. Ọlámigòkè náà ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi wà níbẹ̀.

"Ìye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síbí. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá péré ni."

"Kí n lọ jókòó lé bàbá ẹ lórí?"

"Wọ́n wà láàyè, Ìye. Bánkọ́lé rí wọn."

"Ṣé o ò rí i pé torí pé wọ́n wà láàyè ni mi ò ṣe lè dí àyè wọn?"

Ọlámigòkè fà sẹ́yìn pẹ̀lú kámẹ́rà kó lè gba gbogbo wọn dáadáa, títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi kan ògiri. Ó yí kámẹ́rà díẹ̀ kí Màmá lè bọ́ sáàárín. Màmá dìde, wọ́n wá fi ojú sí ihò kámẹ́rà fúnra wọn, wọ́n ní, "Bàbá ẹ dà? O ti tì wọ́n sí kọ̀rọ̀." Ó ní kóun ya Màmá nìkan. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá yà lóun nìkan, fídíò ìsìnkú ni wọ́n ń ṣe sílẹ̀ fún un. Wàá ní wọ́n lórí kunkun, àmọ́ obìnrin tó rí ohun tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ yẹn, èmi ò lè bá wọn jiyàn.

Ọlámigòkè bá yà wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó, ó kọjú sí ẹ̀rọ. Ohun tó ń ṣe ojú Màmá ló ní òun máa wá.

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó sì yé mi torí ó fi àǹkárá ṣe é. Ó ní fídíò kì í ṣe nǹkan kan ju àwòrán tó ń tẹ̀ lé ara wọn, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ̀rọ bá ní kóun tọ́jú gbogbo wọn bí wọ́n ṣe rí, sídì á kún kí orin kan tó tán. Nítorí náà á gé àwòrán sí igun mẹ́rin mẹ́rin, á máa wo àwòrán tó ṣáájú. Igun yìí, níbo ló wà lẹ́ẹ̀kan? Ó wà lápá òsì díẹ̀. Kò ní yà á tuntun mọ́, á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti sún láti ibẹ̀ wá síbí. "Bí ẹ ṣe ń fi ègé kan díwọ̀n ègé tó kù, Ìyá Ramlah." Ẹni tó wà láàárín ò níṣòro, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ẹ̀rọ ti lè yá nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà létí tó tún ń mì, ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ ti yá a ti kọjá etí àwòrán, kò sì sí nǹkan kan lọ́hùn-ún. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò nígbà náà ò tiẹ̀ gbà kó nawọ́ kọjá ibẹ̀. Á wá mú èyí tó bá ti rí, á fi lẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lú bí ìdílé tó wà lórí sídì kan ṣe pọ̀ tó, kò sí àyè láti tún un ṣe. Ibẹ̀ ni ojú Màmá ti ń fọ́.

Ó lọ sí káfè kan lójú títì wa, ó san owó wákàtí mélòó kan, ó tẹ ìwé jáde, gbogbo ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì líle. Ó ní àwọn tó ń ṣe irú tuntun lókè òkun ti jẹ́ kí ẹ̀rọ máa wò kọjá etí, pé wọ́n á fa àwọ̀ tó wà létí jáde síta, ẹ̀rọ á máa rí nǹkan yá níbẹ̀. Mo ní kó ra irú ẹ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ sídì tó wà nínú gbọ̀ngàn lẹ́nu òkun, ti àtijọ́ ni, tó bá gbé tuntun fún un, dúdú lásán ló máa fi hàn.

Ohun tó kọ́kọ́ dán wò, ó sún àwòrán náà kéré, ó fi dúdú yí i ká bí férémù, ó ní bóyá etí àwòrán ò ní jẹ́ etí mọ́. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀. Dúdú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara Màmá, èjìká wọn dà bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ bù. Ramlah ọmọ mi, tí kì í fi Yorùbá dáhùn bó ti wù kó gbọ́ ọ tó, wò ó, ó ní, "Mama, dem don chop Grandma shoulder." Ṣẹ́gun tó ń ta fóònù níwájú wa náà yọjú, àbúrò ọkọ mi ni, aláìnítìjú. Ó ní, "Oga Video, na your mama be dis abi na Ludo?" Mo lé e jáde. Ọlámigòkè kàn ń wo ojú tẹlifíṣàn. Lọ́jọ́ yẹn kò jẹ pupurú ẹ̀.

Ó dán an wò lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ìwé àjákọ kan ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, ó ń kọ déètì síwájú. Lọ́sàn-án nìkan ló ń ráyè ṣe é torí òfin kónílé-ó-gbélé, agogo márùn-ún la ti ń ti ilẹ̀kùn. Tí NEPA bá mú iná lọ, á tan jẹnẹrétọ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ bá kú, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ, á tún bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà méjì gba téèpù wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìkẹrin kọjá, Màmá kàn ń wò ó láti ìta, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe.

Èmi rò pé ọjọ́ Wednesday ni, torí ọjọ́ náà ni mo máa ń já ẹrù. Ọlámigòkè jáde wá gba afẹ́fẹ́, ó jókòó lẹ́bàá Màmá. Wọ́n ń so ojú àwọ̀n àtijọ́, èyí tó ti gbó, mọ́ etí àwọ̀n tuntun, bí ìlà mẹ́ta yí i ká. Ó bi wọ́n pé ṣé àwọn ojú gbígbó wọ̀nyẹn lè pa ẹja.

"Kí ni wọ́n máa pa? Ojú tó gbẹ̀yìn lára tuntun ni mo ń ṣe é fún. Tí kò bá rí nǹkan dì mú lẹ́yìn, òun ló máa kọ́kọ́ ya."

"Ìye, ṣé ó gbọ́dọ̀ bá tuntun mu?"

"Kó sáà jọ ọ́. Fífẹ̀ ojú ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ojú bá bọ́ sáàárín ojú, kò ní dì."

Ó dìde, ó wọlé. Mo gbọ́ tó ń tẹ nǹkan.

Ohun tó ṣe nìyí. Ó tún sún àwòrán náà kéré, ṣùgbọ́n kò fi dúdú yí i ká mọ́. Àwọ̀ tó gbẹ̀yìn létí gan-an ló mú, búlúù ògiri, àwọ̀ ewé ìró Màmá, dúdú ara wọn, ó fà á jáde síta bí ìgbà tí ilá bá ń fà lára ṣíbí. Ó wọn ọ́n kó fẹ̀ tó igun ẹ̀rọ kan gẹ́lẹ́, kí etí àwòrán lè bọ́ sáàárín igun méjì, kó má là igun kankan láàárín bí dúdú tó kọ́kọ́ ṣe. Lójú kọ̀ǹpútà, kò dára rárá. Ó dà bí pé ẹnì kan di èjìká Màmá mú níta, ó ń fà á. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n àwọn tẹlifíṣàn ìgbà náà, tí ikùn wọn yọ sẹ́yìn, gbogbo wọn ló máa ń jẹ etí àwòrán díẹ̀. Ìjà tí àwọn oníbàárà ti ń bá a jà nìyẹn tipẹ́, pé ó gé ẹ̀gbọ́n ìyàwó kúrò. Ibi tí tẹlifíṣàn ń jẹ yẹn ló kó gbogbo fífà náà sí. Ẹ̀rọ á rí nǹkan yá, ojú èèyàn ò ní rí i.

Ó gbé e sínú tẹlifíṣàn tiẹ̀, ó gbé e wá sínú tèmi, ó lọ fi sínú ti Ṣẹ́gun. Kò dán bíi ti àárín o, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń mì wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á ṣì gbọ̀n díẹ̀. Àmọ́ ojú èèyàn ni. O rí ilà ojú wọn, o rí eyín tó yọ níwájú. Ṣẹ́gun pàápàá sún mọ́ ọn. Ó ní, "Na Mama o."

Bánkọ́lé kó sídì náà sínú ọ̀rá, ó fi sábẹ́ yìnyín ẹja. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni gbogbo wa fi ń wo ọ̀nà, tí kò sẹ́ni tó dárúkọ Kamẹrúùnù níwájú Màmá.

Ohun tí Bánkọ́lé sọ nígbà tó dé ni pé àwọn tó ń lọ sí Kamẹrúùnù ti ń di ẹrù. Bàbá ò fẹ́ wá wo nǹkan kan, ọ̀rẹ́ wọn ló wọ́ wọn wá sí gbọ̀ngàn. Nígbà tó kan ìdílé wọn, Bàbá jókòó sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde. Wọ́n rìn dé iwájú tẹlifíṣàn, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì lápá òsì, àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé wọ́n dí àwọn lójú. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbé. Wọ́n tún un gbé títí epo jẹnẹrétọ̀ fi tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu wọn ni pé obìnrin yìí ti rù.

Kí n tó sọ bí Bàbá ṣe dé, jẹ́ kí n sọ ìyókù Ọlámigòkè fún ẹ, torí mo mọ̀ pé o fẹ́ mọ̀. Àwọn oní-fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a láti Sapele, láti Ughelli, pé kó kọ́ àwọn. Kò fi pamọ́, kò gba owó lọ́wọ́ wọn, á kàn yí kọ̀ǹpútà sí wọn. Àwọn kan lọ ń pariwo pé àwọn ló dá a sílẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan tóun náà dá sílẹ̀, pé inú ìwé lòun ti kà á, ọ̀dọ̀ ìyá òun ló ti yé òun. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tuntun dé, tó ń ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò fífà kankan mọ́. Mo rò pé ó máa dùn ún, ó kàn ní ó dára bẹ́ẹ̀. Bàbá lo ọdún mẹ́rin sí i láyé, wọ́n kú sórí ibùsùn tiwọn. Nígbà tí ìbọn tún wọ inú omi lọ́dún 2009, tí hẹlikópítà ń kọjá lórí wa, ó kó Màmá lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn kan ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀. Mi ò tíì rí i láti ìgbà náà, àmọ́ tí wọ́n bá bi mí léèrè irú èèyàn tó jẹ́, ọjọ́ tí Bàbá dé ni mo máa ń sọ.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ọ̀kadà já wọn sílẹ̀ níwájú wa, àwọn àti Bánkọ́lé. Bàbá kúrú ju bí mo ṣe rò lọ, irun tí wọ́n fá ti ń hù, ó funfun bí òwú. Màmá ń bẹ lórí àpótí pẹ̀lú àwọ̀n. Wọn ò dìde.

Màmá ní, "Ẹ pẹ́."

"Wọ́n ní o ti kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni," Bàbá ní, wọ́n bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, lórí àwọ̀n.

Fọláwẹ̀mí àti àwọn ọmọ sáré dé láti Ekurede-Urhobo. Ẹkún, omi mímu, gbogbo Jakpa Road dúró. Nígbà tó rọlẹ̀, Fọláwẹ̀mí ní kí wọ́n ya fídíò, pé ti ìsinsìnyí ni kí Bánkọ́lé gbé lọ fáwọn tó kù lọ́hùn-ún. Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn. Láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn, Màmá lọ sí ìpẹ̀kun apá òsì, Fọláwẹ̀mí àti àwọn ọmọ lọ sọ́tùn-ún, Bàbá wo àyè tó wà láàárín, wọ́n jókòó síbẹ̀. Màmá wá sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n rí òun, títí èjìká wọn fi kan ti Bàbá.

Ọlámigòkè gbé ojú sí ihò kámẹ́rà. Kò tíì tẹ nǹkan kan. Bàbá wá béèrè, wọ́n ní nínú sídì méjèèjì tí àwọn wò, àwọn ò rí Ọlámigòkè nínú èyíkéyìí, pé ìbẹ̀rù tiẹ̀ náà wà nínú àwọn títí di àárọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn rí. Òun tó ń yà wọ́n, báwo ló ṣe fẹ́ wà níbẹ̀?

Ó gbé kámẹ́rà lé orí tábìlì, ó fi ìwé mẹ́ta tì í nídìí, ó pè mí wọlé, ó fi bọ́tìnnì pupa hàn mí. Ó wá lọ sí ìpẹ̀kun apá òsì tí Màmá ti sún kúrò, ó lóṣòó, ìdajì èjìká ẹ̀ ti wà níta àwòrán. Mo ní kó sún sáàárín díẹ̀, pé mi ò rí i tán. Ó mi orí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá Ramlah. Ẹ má yí kámẹ́rà o, etí ibí tó mi."